Ọkọ̀ Tó Fì Sápá Ọ̀tún: Ìtàn Deux Chevaux àti Àrùn Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ìtàn ènìyàn àti ìtàn ilé ni a sábà máa ń kà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá láàyè kí á sọ ìtàn irin. Àwọn tó ti dàgbà nínú wa kò ní ṣàì rántí ọkọ̀ kékeré kan tí àwọn Faransé ń pè ní Deux Chevaux, ìyẹn Ẹṣin Méjì. Imú rẹ̀ yíká, òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí a lè ká bí ẹní, ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì jọ ti ọkọ̀ mìíràn. Bí ó bá ń yà ní igun ọ̀nà, yóò dẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, síbẹ̀ kì í ṣubú. Àwọn ọmọdé a máa fi í rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún tó kọjá, bàbá àgbàlagbà kan, olùkọ́ ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ránṣẹ́ pè wá sí ilé rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ láti wo irú ọkọ̀ yìí kan tí wọ́n ṣe ní 1964. Òun tìkára rẹ̀ ti wà á láti Kétu dé Pobẹ̀, láti Pobẹ̀ dé Sákété, nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa, tí òjò àti táyà ọkọ̀ akẹ́rù ti sọ ojú rẹ̀ di oníké-oníké bí páànù tí a fi ń bo ilé. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ náà fì sápá ọ̀tún níwájú, bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Bàbá ti gbé e lọ sí gáréèjì kan. Wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé sípíríǹgì apá ọ̀tún ti kú. Wọ́n gba owó, wọ́n yí irin kan lábẹ́ ọkọ̀, iwájú náà sì gbéra sókè díẹ̀. Kò pé oṣù méjì tó fi tún fì padà, ìdarí rẹ̀ sì wá burú ju ti ìṣáájú lọ.

Bàbá ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkọ̀ yìí ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ sí ilé-ìwé. Bí ó bá ti kú, ẹ sọ fún mi, kí n yé tan ara mi jẹ.”

A dá a lóhùn pé, “Bàbá, ẹ fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta.”

Kí á tó sọ ohun tí a rí, ó di dandan kí á padà sẹ́yìn lọ sí ilẹ̀ Faransé, nítorí kò sí ẹni tó lè mọ àrùn ọkọ̀ yìí bí kò bá mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá fi ojú ọkọ̀ mìíràn wò ó yóò fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, yóò máa pa làpálàpá.

Ilé-iṣẹ́ Citroën ni ó ṣe ọkọ̀ náà. Ní òpin ọdún 1934, gbèsè wọ ilé-iṣẹ́ yìí lọ́rùn, àwọn Michelin tí ń ṣe táyà sì gbà á lọ́wọ́ olùdásílẹ̀ rẹ̀, André Citroën, ẹni tó kú ní oṣù Keje ọdún 1935. Ọ̀kan nínú àwọn tí Michelin fi síbẹ̀ ni Pierre-Jules Boulanger. Ọkùnrin yìí rí i pé ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé ṣì fi ń lọ sí ọjà. Ó pàṣẹ fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ kí wọ́n ṣe ọkọ̀ kan tí yóò gbé àgbẹ̀ méjì àti ọ̀dùnkún tó wọn kìló 50, tí yóò máa sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, tí kò sì ní mu ju lítà epo 3 lọ fún kìlómítà 100. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àṣẹ náà ni ti ẹyin: bí a bá gbé apẹ̀rẹ̀ ẹyin sínú ọkọ̀ náà, tí a sì wà á kọjá nínú oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ilẹ̀ rẹ̀, ẹyọ kan kò gbọdọ̀ fọ́. Ẹyin yẹn ni ìyá gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ó sọ.

Nígbà tó fi máa di 1939, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti délẹ̀, wọ́n sì ti pinnu láti fi 250 bẹ̀rẹ̀. Alphonse Forceau ni ó ṣiṣẹ́ lórí ohun tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà mọ́ ara rẹ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní suspension, tí àwa yóò máa pè ní ìgbéró ọkọ̀. Ọ̀pá irin gbọọrọ ni ó lò, irú èyí tó ń lọ́ ara rẹ̀ bí aṣọ tí a ń fún, tó sì ń padà sípò. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Àfihàn ọkọ̀ tí wọn ì bá ṣe ní Paris kò wáyé mọ́. Wọ́n ba púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà jẹ́, wọ́n sì fi ìwọ̀nba pamọ́ kí àwọn ará Jámánì má bàa rí wọn. Ìpamọ́ náà sì dára púpọ̀, nítorí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n tó gbé mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ láti òkè àjà ilé kan ní La Ferté-Vidame.

Àwọn ọ̀pá tó ń lọ́ ara wọn yẹn ṣòro í ṣe, owó wọn sì pọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà jáde fún gbogbo ayé rí ní Paris ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1948, sípíríǹgì wíwé ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 375 cc lọ, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 9. Àwọn oníwèé ìròyìn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó fẹ́ rà á kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ọdún bíi mélòó kan dúró kí ó tó kàn wọ́n. Boulanger kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà: jàǹbá ọkọ̀ ni ó pa á ní oṣù Kọkànlá ọdún 1950.

Ẹ jẹ́ kí á wá wọ abẹ́ ọkọ̀ náà lọ. Ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan wà ní orí apá irin kan tó na síwájú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan wà ní orí èyí tó na sẹ́yìn. Àwọn apá wọ̀nyí ń mì sókè sódò lára irin ńlá méjì tó dábùú ṣásì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ọkọ̀, láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, agolo irin gígùn kan nà gbalaja; àwọn Faransé ń pè é ní pot, ìyẹn ìkòkò. Sípíríǹgì méjì ni ó wà nínú ìkòkò náà, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Ọ̀pá irin ni ó so sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan mọ́ ìsàlẹ̀ apá tirẹ̀, ibi tí wọ́n ti pàdé sì jókòó lórí irin ẹlẹ́nu tínrín kan tí wọ́n ń pè ní ọ̀bẹ. Nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú bá gun òkúta, apá rẹ̀ fa ọ̀pá, ọ̀pá fún sípíríǹgì pọ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò fúnra rẹ̀ kò dúró gbári: ó sún síwájú díẹ̀, ó sì fa ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tó ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iwájú ṣe ń sọ fún ẹ̀yìn pé òkúta ń bọ̀, kí ó múra. Ìdí nìyẹn tí ẹyin kò fi fọ́.

Ìdí kan náà ni ó ń tan àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe jẹ. Nínú ọkọ̀ tí a mọ̀, bí igun kan bá rẹlẹ̀, igun yẹn ni àrùn wà. Nínú Deux Chevaux, àrùn iwájú lè hàn lẹ́yìn, ti ẹ̀yìn lè hàn níwájú. A sì tún máa ń rí àwọn tó ń tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ láti ka iye ìgbà tí yóò fò kí wọ́n tó dá ẹjọ́ amọ́tísọ́ọ̀. Ìdánwò yẹn kò ní láárí púpọ̀ níhìn-ín, nítorí ọkọ̀ ọdún 1964 kò ní irú amọ́tísọ́ọ̀ olóròóró tí wọ́n ń rò. Ohun méjì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Èkíní ni àwo tí ń ha ara wọn níbi tí apá irin ti ń mì, láti dín ìmì ọkọ̀ kù. Èkejì ni agolo kékeré kan tó dúró lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, tí irin wíwúwo kan jókòó lórí sípíríǹgì nínú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá fẹ́ máa ta pọ́ún-pọ́ún lórí ọ̀nà oníké, irin yìí yóò máa lù ú padà. Nígbà tó yá ni àwọn amọ́tísọ́ọ̀ olóròóró gba ipò àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ wa kò gba agbára. A gbé ọkọ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú, nítorí orí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbogbo ọkọ̀ ni arọ. A kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ kúrò. A wọn afẹ́fẹ́ táyà. Fún táyà 125-15 tí ọkọ̀ Bàbá wọ̀ báyìí, 1.4 ni ó yẹ níwájú, 1.8 lẹ́yìn, a bá 2.5 nínú méjèèjì iwájú. Ẹni tó fẹ́ kí táyà má tètè jẹ ni ó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi líle táyà ba ìrọ̀rùn gbogbo ìgbéró jẹ́. A dín in kù, ọkọ̀ sì ṣì fì sápá ọ̀tún.

Ní ọjọ́ kejì, ìdarí ni a dojú kọ. Irin kan wà lórí apá iwájú kọ̀ọ̀kan tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé lórí nígbà tí a bá ń darí. Pivot ni wọ́n ń pè é. Gírísì ni oúnjẹ rẹ̀. Àwọn tó mọ ọkọ̀ yìí tọ́jú kì í jẹ́ kí ó ju nǹkan bíi kìlómítà 1000 lọ kí wọ́n tó fún un, bí wọ́n bá sì gbàgbé, irin yóò jẹ irin, ẹsẹ̀ iwájú yóò wá máa gbọ̀n lójijì bí ẹni tí ibà mú. A fi jáàkì gbé iwájú sókè, a di òkè àti ìsàlẹ̀ táyà mú, a mì í. Ó mì lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ẹsẹ̀ bá ń mì, a ó ní kí ẹnìkan tẹ bíréèkì. Bí ìmì náà bá dáwọ́ dúró, a mọ̀ pé bẹ́ríǹgì ni. Bí kò bá dáwọ́ dúró, pivot ni. Ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́ fún iwájú Deux Chevaux, nítorí bíréèkì iwájú rẹ̀ kò sí lára ẹsẹ̀ rárá. Ẹ̀gbẹ́ àpótí jíà ni ó wà, nínú lọ́hùn-ún. A lè tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bẹ́ríǹgì kò ní gbọ́. Ojú nìkan ni a lè fi mọ̀ ọ́n: kí ọ̀kan mì ẹsẹ̀, kí èkejì tan iná sí i, kí ó wo ibi tí irin ti ń kúrò lára irin. A wò ó, a sì rí i pé pivot apá ọ̀tún ti jẹ díẹ̀. Ó tó pààrọ̀, kò tó láti mú ọkọ̀ fì.

A yẹ àwọn ọ̀bẹ wò. Wọ́n gbẹ, wọ́n ń fẹ́ gírísì, ṣùgbọ́n wọn kò ṣẹ́. A tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ìkòkò méjèèjì ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Igbe yìí máa ń dẹ́rù ba àwọn onímọ́tò ju bó ti yẹ lọ. Rọ́bà tó gbẹ nínú ìkòkò ni ó máa ń fà á, òróró lárà ni a sì fi ń wò ó, nítorí epo ẹ̀rọ lásán máa ń mú rọ́bà wú. Ìkòkò tó ń ké ṣì ń rìn. Èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ tí kò sì sún nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ ni kí a bẹ̀rù. Àwọn tiwa sún dáadáa, sípíríǹgì inú wọn sì dá wa lóhùn ní ọgbọọgba, ọ̀tún àti òsì.

Sípíríǹgì tí wọ́n ní ó ti kú kò kú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì yẹn, ọ̀kan nínú wa ní kí á wọn àárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Mítà 2.40 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ẹ rántí pé apá iwájú na síwájú, apá ẹ̀yìn na sẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ̀ bá rẹlẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú sún síwájú, ti ẹ̀yìn sún sẹ́yìn, àárín wọn sì gùn sí i díẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó rẹlẹ̀ ni ó yẹ kí ó gùn ju òsì lọ. A wọ̀n ọ́n, ó kúrú. A tún un wọ̀n, ó fi sẹ̀ǹtímítà méjì kúrú sí ti òsì.

A wo ojú ara wa. Kò sí sípíríǹgì ní ayé yìí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Irin ńlá tó dábùú iwájú ni ó ti sún sẹ́yìn ní apá ọ̀tún, irin náà kò sì lè sún bí kò ṣe pé ṣásì tí wọ́n dè é mọ́ ti ń já.

Ṣásì Deux Chevaux jẹ́ àpótí gígùn méjì tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ pa dé. Omi àti eruku ń wọnú rẹ̀, ìpáàrà sì ń jẹ ẹ́ láti inú wá sí òde, tí ọ̀dà ìta yóò fi máa dán bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, a mú òòlù kékeré, a bẹ̀rẹ̀ sí í kan ṣásì náà láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Ó ń dún gbanran-gbanran. Nígbà tí a dé abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ lápá òsì, ó ṣì ń dún. Lápá ọ̀tún, nǹkan bí ìbú ọwọ́ méjì sí irin ìdábùú, ìró náà yí padà, ó di bọ̀ọ̀, bí ìgbà tí a kan pákó tí ikán ti jẹ. A fi ìtúdè ti ibẹ̀. Ó wọlé tòun ti ọ̀dà. Lókè, ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀tún ti là ju ti òsì lọ, èyí tí gbogbo wa ti rí láti ọjọ́ kìíní, tí a sì pè ní ogbó lásán.

Ohun tí gáréèjì yẹn ṣe wá hàn kedere. Ọ̀pá tó so apá mọ́ ìkòkò ní ojú ìyí. Bí a bá yí i kúrú, igun náà yóò gbéra. Iṣẹ́ tó tọ́ ni bí gbogbo nǹkan bá yè, a sì gbọdọ̀ máa wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àwọ̀ntúnwọ̀n, nítorí bí a ti ń yí ti iwájú ni ti ẹ̀yìn ń yí padà. Ṣùgbọ́n ọ̀pá náà ń fa apá sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, apá sì ń ti irin ìdábùú sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí i kúrú, wọ́n fi kún agbára tó ń ya ṣásì jíjẹrà náà. Wọ́n tún mú kí pivot tẹ̀ síwájú ju bó ti yẹ lọ, ìdí nìyẹn tí ìdarí kò fi padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n sì mú un sún mọ́ ikú.

A kò fi ọ̀rọ̀ náà bò fún Bàbá. A ní, “Bàbá, ẹ má ṣe gbé ọmọ kankan sínú ọkọ̀ yìí mọ́, ẹ̀yin náà ẹ má wà á, títí a ó fi rí ṣásì mìíràn.” Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó ti tó oṣù mélòó tí mo ti ń gbé wọn nínú rẹ̀?” A kò dá a lóhùn, òun náà kò sì béèrè mọ́.

Àwọn kan ti bá wa sọ pé kí á fi iná jó irin tuntun mọ́ ibẹ̀, kí owó má pọ̀. A ti rí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó dára. Ṣùgbọ́n irin tó tinrín báyìí, tí àrùn rẹ̀ wà nínú, iná lè mú ìyókù rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ṣásì tó sì ti tẹ̀ kò lè tọ́ nípa pé a lẹ̀ ẹ́. Ní ti òtítọ́, ohun tó bu iyì kún ọgbọ́n àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí ni pé bọ́ótì ni wọ́n fi de ara rẹ̀ mọ́ ṣásì. Wọ́n ṣì ń ṣe ṣásì tuntun fún un ní Yúróòpù, fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó kẹ́yìn nínú ọkọ̀ náà jáde ní Mangualde ní ilẹ̀ Potogí ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1990, lẹ́yìn tí iye wọn ti lé ní mílíọ̀nù 3.8. Ọmọ Bàbá tó wà ní Faransé ra ọ̀kan, ó sì fi ránṣẹ́ gba orí omi wá sí Kútọnú.

Ọjọ́ tí a yọ ara ọkọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà ni ó gbé e kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni gbé àtíbàbà. Bàbá jókòó lórí àga, ó ń sọ fún wọn nípa ọdún 1973, nígbà tí Citroën kó irú ọkọ̀ yìí 60 jọ sí Abidjan, tí wọ́n sì wà wọ́n la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Tunis, ìrìn tó tó kìlómítà 8000. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà kò gbà á gbọ́. Ó fi ẹsẹ̀ ti táyà, ó ní, “Èyí náà?”

A to gbogbo rẹ̀ padà sórí ṣásì tuntun: àwọn apá kan náà, àwọn ìkòkò kan náà, pivot tuntun lápá ọ̀tún. A wọn gíga rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ó tó bá ara mu. Mítà 2.40 lápá òsì, mítà 2.40 lápá ọ̀tún. Sípíríǹgì tí wọ́n ti gba owó òkú rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá ni ó ṣì gbé e dúró. Ìkòkò ọ̀tún ṣì ń ké díẹ̀ ní àárọ̀ tí òtútù bá mú. Bàbá ti ra ìgò òróró lárà kan ní ilé oògùn, ó gbé e sí abẹ́ ìjókòó, a ó sì padà lọ fi sí i nígbà tí a bá ń lọ fún un ní gírísì.